Kí ọwọ́ tó wọ ẹnu ẹ̀rọ: ètò ààbò ní ọgbà tí wọ́n ti ń lọ ike

Tí ẹ bá wọ ọgbà ike èyíkéyìí ní Idu tàbí Dei-Dei, ẹ má kọ́kọ́ wo akoto àti aṣọ iṣẹ́. Ẹ wo ìka àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Ọgbà tí ẹ bá ti rí ẹni méjì tí ìka wọn kò pé, kò sí ìwé ààbò tí ọ̀gá ibẹ̀ lè nà sí mi tí màá gbà gbọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí l'Abuja, láti ìgbà tí mo ti ń ṣa ọ̀rá omi títí wọ́n fi sọ mí di alábòójútó. Ìṣẹ́jú kan ṣoṣo ló ń já mi láyà nínú gbogbo rẹ̀: ìṣẹ́jú tí ike bá há sí ọ̀fun ẹ̀rọ ìlọke, ìyẹn ẹ̀rọ alábẹ tó ń gé ike sí wẹ́wẹ́. Ìyókù kò le, màá sáré kọjá níbẹ̀.

Ẹrù tó ń wọlé

Àwọn baban bola, ìyẹn àwọn tó ń ṣa nǹkan lórí àkìtàn, kì í yan ohun tí wọ́n ń ṣà. Ohun tó bá wà lórí àkìtàn ni wọ́n ń gbé wọlé: abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn, bátìrì fóònù, láítà, agolo lọ́fínńdà, jálá tí oògùn apakòkòrò ti wà nínú rẹ̀ rí. Ẹ da ẹrù sílẹ̀ lórí tábìlì tàbí tàpólì kí ẹ tó ṣà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki ọwọ́ bọ inú àpò. Ìbọ̀wọ́ awọ tí àwọn wẹ́dà ń lò ni kí ẹ rà, torí ìbọ̀wọ́ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò lè dá abẹ́rẹ́ dúró. Bátìrì fóònù kan tí abẹ bá gé lè dáná sí odindi àpò èérún ike.

Ẹ sì bá mi gba láítà lọ́wọ́ àwọn tó ń jó ike kí wọ́n tó gbọ́ òórùn rẹ̀, kí wọ́n lè mọ irú èyí tó jẹ́. PVC, ìyẹn ike páìpù omi àti ara wáyà iná, tó bá jó, gáàsì hydrogen chloride ló ń tú jáde. Tí gáàsì yẹn bá pàdé omi inú ojú àti ọ̀fun, ásíìdì ló ń dà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan tó fún iṣẹ́ yẹn, ẹ ju èérún ike sínú rẹ̀. Jálá, ọ̀rá omi àti ìdérí ìgò á léfòó. Ìgò omi oníke àti PVC á rì. Èyí tó bá rì ni kí ẹ fi ojú yà, kí PVC má bá ìgò dé ibi ìyọ́ke, torí ìgò ń fẹ́ ooru bíi 260°C kó tó yọ́, PVC á sì ti bàjẹ́ tipẹ́ kó tó débẹ̀.

Ẹ̀rọ àti aṣọ

Ẹnu ẹ̀rọ ní láti gùn ju apá ènìyàn lọ, kí ọwọ́ má lè kan abẹ láti òkè. Ẹ gé túùbù táyà àtijọ́ sí pẹlẹbẹ, kí ẹ so ó mọ́ ẹnu náà bíi kọ́tìnnì, kí èérún má baà fò sójú. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lọ́wọ́ fọkanáísà. Igi ni kí ẹ fi máa ti ike wọlé, ẹ má fi irin. Abẹ tó bá mú igi á jẹ ẹ́ ni, ṣùgbọ́n abẹ tó bá mú irin lè fọ́, èyí tó bá sì fọ́ kì í yan ojú tó máa fò sí.

Ìbọ̀wọ́ tí mo ní kí wọ́n wọ̀ níbi ìṣàjọ, kí wọ́n bọ́ ọ nídìí ohunkóhun tó bá ń yí, nítorí ẹ̀rọ lè gba ìbọ̀wọ́ mú kó sì fa apá tẹ̀lé e. Ọjọ́ Jímọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ jù lọ. Àwọn ọmọ á ti mọ́sáláṣí dé pẹ̀lú jàlàbíyà, wọ́n á ní àwọn fẹ́ parí ìwọ̀nba tó kù. Ẹ lé wọn lọ pààrọ̀ aṣọ. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún kì í dé ìdí ẹ̀rọ lọ́gbà tèmi, ì báà jẹ́ ọmọ ọ̀gá.

Nígbà tí ike bá há

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti rọra kà.

Ní ọgbà kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, iná NEPA lọ. Orúkọ ilé iṣẹ́ náà ti yí padà tipẹ́, àmọ́ NEPA náà la ṣì ń pè é. Ẹ̀rọ dákẹ́ pẹ̀lú ọ̀rá tó há sí i lọ́fun. Ọmọkùnrin tó ń bọ́ ẹ̀rọ náà rò pé àyè gba òun, ó ṣí ìbòrí, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Lẹ́nu géètì, mẹ́gáàdì rí i pé iná lọ, ó sì ṣe ohun tí wọ́n ní kó máa ṣe: ó tan jẹnẹrétọ̀, ó yí ṣéńjìófà. Ìka mẹ́ta ló bá a lọ. Ọmọ ogún ọdún ni. Àwọn kan fẹ́ bú mẹ́gáàdì, ṣùgbọ́n kí ló ṣe? Iná tó lọ kò kú, ó jáde ni, kì í sì í kan ilẹ̀kùn kó tó padà wọlé.

Nítorí náà, bí iná wà, bí iná kò sí, bí ike bá há, ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa tó ń pa ẹ̀rọ, ẹ fa gíá iná ẹ̀rọ náà (suwíìṣì ńlá tó ń gé iná kúrò lára rẹ̀) wálẹ̀, ẹ fi àgádágodo tì í. Kí kọ́kọ́rọ́ wọ àpò sòkòtò ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ wọ inú ẹ̀rọ. Kò gbọdọ̀ wà lórí tábìlì, kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kódà kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ èmi alábòójútó. Tí ẹni méjì bá fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àgádágodo méjì, kọ́kọ́rọ́ méjì.

Wọ́n á sọ fún yín pé bọ́tìnnì pupa ti tó. Kò tó. Lóòótọ́, ẹ̀rọ tí sítátà rẹ̀ ní kọ́ńtákítọ̀, ìyẹn suwíìṣì tó ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ, kì í dédé dìde tí iná bá dé, àfi tí ẹnì kan bá tún tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń tàn án. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n so tààrà mọ́ gíá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ọgbà kéékèèké, bí iná bá ṣe ń dé ló ń dìde. Mo sì ti bá oníṣẹ́ iná pàdé tó ti fo kọ́ńtákítọ̀ dá nítorí pé, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, ó ń yọ àwọn lẹ́nu.

Tí gíá yín kò bá ní ihò tí àgádágodo lè wọ̀, wẹ́dà á jó ọ̀kan mọ́ ọn kí ẹ tó mu tíì tán. Kí ó tó dé, oníṣẹ́ iná ni kó yọ fíúsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹni tó ń wọ ẹ̀rọ kó wọn sápò ara rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ńjìnnì dísù ló ń fa ẹ̀rọ yín, ẹ pa á, kí ẹ sì yọ bẹ́líìtì kúrò pátápátá. Àgádágodo olówó gọbọi kò pọn dandan. Ọjà Wuse ni mo ti ra tèmi, mo sì fi ọ̀dà pupa kùn wọ́n. Àmọ́ ẹ dán kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan wò lára èkejì kí ẹ tó kúrò níwájú ìsọ̀, torí àgádágodo olówó pọ́ọ́kú tó wá láti inú páálí kan náà a máa ṣí ara wọn. Ẹ má fi ìwé tí ẹ kọ ‘ẹ má tàn án’ sí rọ́pò rẹ̀. Nínú mẹ́wàá tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, mẹ́rin kò lè kàwé, atẹ́gùn ọyẹ́ á sì gbé ìwé náà lọ.

Ẹ tì í tán? Ẹ dúró. Irin rìbìtì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ wúwo, ó lè máa yí abẹ fún ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí iná ti kúrò. Ẹ má fi etí mọ̀ ọ́n, torí ariwo ẹ̀rọ kejì á bò ó. Ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan sára irin náà. Bí ìlà náà bá dúró, abẹ ti dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé. Ó gbọ́dọ̀ dákẹ́. Tó bá mira pẹ́nrẹ́n, gíá mìíràn lẹ tì. Ẹ má rẹ́rìn-ín: èmi fúnra mi ti ti gíá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ike mọ́ rí, mo sì ń múra láti ki ọwọ́ bọ ẹ̀rọ ìlọke.

Ó ku igi. Ẹ fi igi líle há abẹ kó má lè yí. Ìrókò ni mo fẹ́ràn. Ìdí ni pé ìpalára tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ abẹ kì í sábà ní iná nínú. Ẹnì kan á ní kí ẹnì kejì bá òun yí i díẹ̀, ìka tirẹ̀ á sì wà láàárín abẹ méjì. Nígbà míì kò tiẹ̀ sí ẹni tó yí i: wọ́n tú abẹ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì wúwo ju èyí lọ, ó sì yí fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi igi há a, ìkọ́ irin ni kí ẹ fi fa ike jáde. Ọwọ́ ló gbẹ̀yìn.

Kí ẹ tó tan án padà, ẹ ka ènìyàn, ẹ ka irinṣẹ́, ẹ yọ igi. Hausa ló pọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́ wa, nítorí náà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fi ẹnu kò sí: ‘Tsaya!’, ìyẹn ‘Dúró!’ Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ, kó pa ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí oníṣáì tó ń ta tíì lẹ́nu géètì bá pariwo rẹ̀, a óò dúró, n kò sì ní bá a wí tó bá jẹ́ pé ojú rẹ̀ ló tàn án. Àwọn ọmọ ń pè mí ní Baba mai kwado, Bàbá Alágádágodo. Kò dùn mí.

Iná, sódà, ooru

Lásìkò ọyẹ́, ohun gbogbo gbẹ. Ẹ má to ike dé ibi tí mọ́tò panápaná kò ti ní rí ọ̀nà kọjá. Ẹ gbé ààrò èédú oníṣáì jìnnà sí ẹrù. Wẹ́dà kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nítòsí ike láìjẹ́ pé ẹnì kan dúró tì í pẹ̀lú omi. Omi lè pa iná ike, ṣùgbọ́n ẹ pa iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì ná. Níbi pánẹ́ẹ̀lì iná, agolo ìpaná oníyẹ̀fun tàbí ti gáàsì CO2 ni kí ẹ lò. Tí èéfín bá ti di dúdú, ẹ jáde, kí ẹ pe 112.

Ní ti sódà ìfọgò, ìyẹn kọ́sítíìkì sódà, ẹ da sódà sínú omi, ẹ má da omi sórí sódà láéláé. Tó bá ta sójú, omi tó ń ṣàn fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó gbéra lọ sílé ìwòsàn. Nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe, àti pàápàá nínú Ramadan, òwúrọ̀ kùtù ni mo ń fi iṣẹ́ ìyọ́ke sí. Bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tó wà ní mítà kan sí yín tó gbọ́ yín, ẹ wá nǹkan di etí.

Ìwé

Factories Act, ìyẹn òfin ilé iṣẹ́, ní kí ẹ forúkọ ọgbà sílẹ̀, kí ẹ sì fi ìjàǹbá tó bá mú òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tó ìjọba létí. Òfin Employee's Compensation ti ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa. Ẹni tó farapa ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá sì ní ọjọ́ méje láti sọ fún NSITF. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú aago, torí bó bá di ọjọ́ kẹta kálukú á ti ní ìtàn tirẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, mo máa ń ka àgádágodo tó wà lórí ìṣó. Mẹ́fà ni. Bí ọ̀kan bá ṣì wà lára gíá, a ò ní jágbà á. A óò kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì wo inú ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà a óò pe ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ kan, ẹni náà ti dé Mararaba, ní ìta Abuja. Èmi ni mo san owó mọ́tò tó fi padà wá ṣí i.