Ọmọ Òròkí tó fẹ́ ra mọ́tò spọ́ọ̀tì tuntun l'Amẹ́ríkà: bí ẹ ṣe máa dá díílà tó ṣeé fọkàn tán mọ̀

Ẹni tó bá ti ra Tòkunbọ̀ rí l'Òṣogbo mọ ibi tí jìbìtì máa ń sá pamọ́ sí. A ó mú mẹkáníìkì wa dání lọ síbi tí wọ́n to mọ́tò sí lẹ́bàá títì. Á ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á tú ìdérí ọ́ìlì, á gbóòórùn rẹ̀, á gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè wò bóyá àgbàrá ti wọ mọ́tò náà rí, á wá fi nọ́ńbà ṣáṣí wé èyí tó wà lára ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ̀yìn ìyẹn la óò tó bẹ̀rẹ̀ sí í nájà. Ọgbọ́n yẹn dára, ẹ má sọ ọ́ nù. Àmọ́ tí ẹ bá dé Amẹ́ríkà tí ẹ fẹ́ ra mọ́tò spọ́ọ̀tì tuntun, kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún yín, torí pé kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì. Inú ìwé ni wọ́n ti ń jà yín lólè níbẹ̀.

Mo gbé Texas kí n tó padà wálé. Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, àwọn ọmọ wa tó wà ní Houston àti Dallas ṣì máa ń ya fọ́tò ìwé mọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí wọ́n tó buwọ́ lù ú. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni mo fẹ́ kọ síbí, kí n lè sinmi àtúnsọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ ń bá dòwò. Ẹ máa rí Toyota, Ford tàbí Chevrolet gàdàgbà lára ilé, ẹ ó sì rò pé ilé-iṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ ló ń tajà. Rárá o. Òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ yìí máa ta mọ́tò tuntun fún oníbàárà ní tààràtà. Díílà ni wọ́n ń kó o fún, díílà sì ní olówó tirẹ̀. Iye tí ilé-iṣẹ́ kọ sára mọ́tò, tí wọ́n ń pè ní MSRP, àbá ni. Díílà lè tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè dín in kù, kò rú òfin kankan. Ìdí nìyí tí díílà méjì tó ń ta mọ́tò kan náà, àwọ̀ kan náà, fi lè fi ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún dọ́là jura wọn lọ.

Orí mọ́tò spọ́ọ̀tì gan-an lèyí ti ń le jù. Kò sẹ́ni tó ń fi agídí wá Camry, ó kún ibi gbogbo. Corvette, mọ́tò spọ́ọ̀tì Chevrolet, ńkọ́? Bowling Green ní ìpínlẹ̀ Kentucky nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Hiroshima lọ́hùn-ún ni Mazda MX-5 ti ń bọ̀. Ìwọ̀nba ni wọ́n ń pín fún díílà kọ̀ọ̀kan, pàápàá tí irú rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Díílà mọ̀ pé ara ti ń yá ẹni tó wá, ó mọ̀ pé ó ti wo fídíò mọ́tò náà lórí YouTube títí ilẹ̀ fi ṣú. Òun náà á bu owó lé e.

Láti ọdún 1958 ni òfin wọn ti sọ ọ́ di dandan pé kí sítíkà kan wà lára fèrèsé gbogbo mọ́tò tuntun. Monroney ni wọ́n ń pè é, orúkọ sẹ́nétọ̀ ará Oklahoma tó gbé àbá òfin náà kalẹ̀. Iye mọ́tò, iye àfikún tí wọ́n ṣe sí i nílé-iṣẹ́, owó tí wọ́n fi gbé e dé ọ̀dọ̀ díílà, àpapọ̀ owó, bó ṣe ń mu epo sí, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ kí mọ́tò tó dọ́wọ́ ẹni tó rà á. Tí ẹ bá débi tí mọ́tò tuntun kò ti ní sítíkà yìí, tí wọ́n ń sọ fún yín pé ó wà ní ọ́fíìsì, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì máa lọ.

Sítíkà kejì ló yẹ kẹ́ ẹ tẹjú mọ́. Díílà ló ń lẹ ìyẹn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́, ó sì sábà máa ń ṣe é kí wọ́n jọ ara wọn. Àbúrò mi kan ní Houston fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi. MSRP mọ́tò náà kò ju 36,000 dọ́là lọ. Lórí sítíkà kejì, wọ́n kọ market adjustment, ìyẹn owó tí díílà kàn bù lé e torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá mọ́tò náà, 3,000. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ohun tí wọ́n fi kun ara mọ́tò kí ọ̀dà má baà ṣá, 1,995. Ìsàlẹ̀ ìyẹn, náítírójìn inú táyà, 299. Mo rẹ́rìn-ín títí. Afẹ́fẹ́ tí fọkanáísà ń fẹ́ sí táyà l'Ọ́jà Ọba yìí, nínú ìdá ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ìdá 78 ló jẹ́ náítírójìn, ẹnikẹ́ni kò sì gba owó náítírójìn lọ́wọ́ wa rí. Ẹ ṣírò rẹ̀: 5,294 dọ́là ti gorí mọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò tíì wà. Owó orí ọjà ní Texas jẹ́ 6.25 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì máa gun orí èyí tí wọ́n bù lé e náà.

Mo ní kó má bá wọn jà, kó ṣáà kúrò níbẹ̀. San Antonio ló ti wá rí ẹni tó tà á ní iye tí ilé-iṣẹ́ kọ.

Ọ̀nà tó gbà rí i ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Ẹ má kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ yín rìn lọ bá díílà kankan. Ẹ jókòó sílé, ẹ mọ irú mọ́tò tí ẹ fẹ́ délẹ̀délẹ̀, ẹ wá kọ ímeèlì kan náà sí díílà bíi mélòó kan, tó fi mọ́ àwọn tó wà ní ìlú mìíràn. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun kan ṣoṣo: èló ni out-the-door? Ìyẹn ni gbogbo owó tí ẹ máa san kí mọ́tò tó jáde ní géètì wọn: iye mọ́tò, àfikún, owó ìwé, owó orí ọjà, owó nọ́ńbà àti ìwé ẹ̀rí oníǹkan. Ẹ ní kí wọ́n tò ó ní ìlà-ìlà.

Ìdáhùn wọn ni ẹ máa fi mọ̀ wọ́n. Èyí tó ṣeé fọkàn tán máa fi ìwé náà ránṣẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà ṣáṣí mọ́tò gan-an lórí rẹ̀. Èyí tí kò ṣeé fọkàn tán á dá yín lóhùn pé, "Ẹ ṣáà máa bọ̀, a ó jọ sọ̀rọ̀, a máa tọ́jú yín." Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ sọ fún yín lójúkojú tí wọn ò lè kọ, àfi èyí tí wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ fi hàn díílà kejì. Owó ìwé, èyí tí díílà ń gbà láti fi ṣe ìwé mọ́tò, yẹ kí ẹ wò dáadáa pẹ̀lú. New York ti fi gbèdéke 175 dọ́là sí i. Ní Florida, kò sí gbèdéke, kálukú ń gba ohun tó wù ú.

Tí nọ́ńbà ṣáṣí bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ lò ó. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Ẹ ka èyí tó wà ní ipò kẹwàá: S ni mọ́tò ọdún 2025, T ni ti 2026. Mọ́tò tó ti pẹ́ nílẹ̀ yẹ kó ní ẹ̀dínwó, kì í ṣe kí wọ́n tún bu owó lé e. Ẹ tún tẹ nọ́ńbà náà sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò ojú pópó, láti mọ̀ bóyá àléébù kan wà tí ilé-iṣẹ́ ní kí wọ́n dá a padà wá tún ṣe. Ẹ bèèrè iye máìlì tó ti rìn. Mọ́tò spọ́ọ̀tì tí wọ́n pè ní tuntun, àmọ́ tó ti rin igba máìlì, àjèjì oríṣiríṣi ló ti fi í dánra wò, wọn ò sì ní wà á jẹ́jẹ́.

Bí mọ́tò kò bá tíì dé, tí wọ́n ní kí ẹ san àsansílẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ lè gbà á padà, kí wọ́n kọ iye tí wọ́n máa tà á síbẹ̀ náà. Mo ti rí ẹni tó dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọjọ́ tí mọ́tò dé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ọjà ti wọ́n.

Yàrá tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé

Ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ mọ́tò kọ́ ló máa bá yín sọ̀rọ̀ owó. Wọ́n á mú yín wọ yàrá kékeré kan lọ́dọ̀ ẹlòmíì, ibẹ̀ lèrè wọn gan-an wà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Èló lẹ lè san lóṣù?" Ẹ má dáhùn. Tí ẹ bá yá 36,000 dọ́là ní èlé 9 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ẹ san án fún oṣù 60, bíi 747 dọ́là ni lóṣù kan. Tí wọ́n bá fà á dé oṣù 84, á di bíi 579, ara á tù yín. Àmọ́ àpapọ̀ owó á ti kúrò ní nǹkan bíi 44,800, á ti di 48,650. Iye tí ẹ máa san lápapọ̀ ni kí ẹ máa bèèrè.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò ní àkọsílẹ̀ kírẹ́díìtì, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń fi hàn bí èèyàn ṣe ń san gbèsè rẹ̀. Máàkì wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 300 dé 850, tiyín kò sì burú, kò tíì sí ni. Díílà mọ èyí, ó sì lè sọ fún yín pé òun nìkan ló lè bá yín wá lóònù. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí credit union, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn tó ń ṣe iṣẹ́ báńkì, kí ẹ gba ìwé pé wọ́n máa yá yín ní iye báyìí ní èlé báyìí. Òfin gba díílà láyè láti bu tirẹ̀ lé èlé tí báńkì fún un. Tí ìwé tiyín bá wà lápò, á mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ dín tòun kù. Tí wọ́n bá sì kọ̀ yín, òfin ọdún 1974 kan fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ìdí rẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ kọ̀ yín torí àwọ̀, ẹ̀sìn tàbí orílẹ̀-èdè tí ẹ ti wá.

Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ wọn kan wà tí mo kórìíra jù. Wọ́n á ní kí ẹ máa gbé mọ́tò lọ lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo rẹ̀ ti parí. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, wọ́n á pè yín pé báńkì kò gbà mọ́, kí ẹ wá tún ìwé fọwọ́ sí ní èlé tó ga jù. Nígbà yẹn, ẹ ti ya fọ́tò, ẹ ti gbé e sí sítétọ́ọ̀sì, ìyá yín ní Ògo-Olúwa ti ń dúpẹ́. Ojú á ti yín láti dá a padà, ohun tí wọ́n sì ń fojú sùn nìyẹn. Ẹ má gbé mọ́tò jáde tí lóònù kò bá tíì parí pátápátá lórí ìwé.

Ẹ má gbọ́ ti ẹni tó ní ẹ ní ọjọ́ mẹ́ta láti dá mọ́tò padà. Òfin ọjọ́ mẹ́ta wà lóòótọ́, àmọ́ kò kan mọ́tò tí ẹ rà ní ilé díílà. Ẹ ti fọwọ́ sí i, tiyín ni.

Íńṣọ́ránsì ńkọ́? Kí ẹ tó sanwó, ẹ pe oníńṣọ́ránsì pẹ̀lú nọ́ńbà ṣáṣí yẹn. Ẹlòmíì ti rí i pé íńṣọ́ránsì Ford Mustang lóṣù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó mọ́tò fúnra rẹ̀, pàápàá ẹni tí kò tíì ní àkọsílẹ̀ ìwakọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "ọmọ wa ni" náà kàn mí lára díẹ̀. Ní gbogbo àpéjọ ọmọ Òṣogbo lókè òkun, ẹ máa rí ẹnì kan tó mọ ẹnì kan ní ilé díílà. Kò burú, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀. Àmọ́ ìwé out-the-door kan náà ni kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ òun náà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe onídùúró lórí lóònù torí pé ilé yín ò jìnnà síra. Bí kò bá san án, ẹ̀yin lẹ máa san án.

Ẹ ka àwọn àròyé tí àwọn oníbàárà ti kọ nípa díílà náà, kí ẹ sì wo ohun tí ìráhùn wọn dá lé. Bí gbogbo wọn bá ń ráhùn pé wọ́n dúró pẹ́ níbi àtúnṣe, ìyẹn ṣeé fara dà. Bí wọ́n bá ń ráhùn pé owó tó wà lórí ìwé kì í ṣe èyí tí wọ́n jọ sọ, kò sí ohun tí ẹ tún ń wá níbẹ̀. Ẹ yà níbi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe pẹ̀lú, kí ẹ béèrè bóyá ẹni tó mọ irú mọ́tò yín wà níbẹ̀. Kò pọn dandan pé ọ̀dọ̀ wọn lẹ ti máa pààrọ̀ ọ́ìlì: láti ọdún 1975 ni òfin ti sọ pé ilé-iṣẹ́ kò lè wọ́gi lé wáráńtì yín torí pé ẹ pààrọ̀ rẹ̀ níbòmíì, àmọ́ ẹ tọ́jú rìsíìtì. Tí mọ́tò bá sì ń bàjẹ́ léraléra lórí ohun kan náà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tí wọ́n ń pè ní lemon law, tó lè mú kí ilé-iṣẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí wọ́n dá owó padà.

Fún àwọn tó ń rò ó pé àwọn á gbé e wálé lóṣù Ògún, kí wọ́n fi ṣe fáàrí nígbà ọdún Ọ̀ṣun: àwọn díílà kan máa ń ní kí ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ ò ní gbé mọ́tò náà jáde ní Amẹ́ríkà láàárín àkókò kan. Ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mọ́tò tí abẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fọwọ́ kan ilẹ̀, ẹ bá mi wo kòtò tó wà ní àdúgbò yín kí ẹ tó pinnu.

Lọ́jọ́ tí ẹ máa gbé e, ẹ lọ lójúmọmọ. Ẹ fi nọ́ńbà ṣáṣí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú wé ti orí ìwé, ẹ fi iye tó wà lórí ìwé wé èyí tó wà nínú ímeèlì. Ohunkóhun tí wọ́n bá ṣèlérí tí kò tíì sí nílẹ̀, ì báà jẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ì báà jẹ́ àtúnṣe ibi tí ara rẹ̀ ti ha, wọ́n ní fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní We Owe. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, kí máníjà fọwọ́ sí i. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló yẹ kí wọ́n fún yín. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ni wọ́n mú wá, orí fọ́ọ̀mù yẹn náà ni kí ekejì wà.