Bí Ata-fáyólìn Tí Ń Kọ Orin Ṣe Lè Jẹun Nídìí Iṣẹ́ Rẹ̀ ní Ilẹ̀ Òkun

Bí o bá fẹ́ fi fáyólìn tàbí ṣẹ́lò (fáyólìn ńlá tí a ń jókòó ta) ṣiṣẹ́ ṣe ní Kàbà, Ìsánlú tàbí Mọ̀pà, nílẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìkórè ni wọn yóò kọ́kọ́ máa pè ọ́ sí, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè orin tí ìwọ fúnra rẹ kọ. Má ṣe kọ orin fún àádọ́ta olórin tí o kò lè rí kó jọ. Fáyólìn méjì, ṣẹ́lò kan bí ó bá wà, àti ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ti tó. Dò-rè-mí ni púpọ̀ nínú àwọn akọrin wa ń kà, orí ìlà márùn-ún sì ni ata-fáyólìn ti ń ka tirẹ̀, nítorí náà ọ̀nà méjèèjì ni kí o kọ ọ́ sí. MuseScore, ètò orí kọ̀ǹpútà fún kíkọ orin sílẹ̀, tí a ń rí lọ́fẹ̀ẹ́, yóò yọ ìwé olórin kọ̀ọ̀kan jáde.

Ohùn èdè ni iṣẹ́ gan-an. Bí orin bá gòkè níbi tí kò yẹ, “ọkọ ìyàwó” lè di “ọkọ́ ìyàwó” létí gbogbo àlejò, ẹ̀rín tí wọn yóò sì rín kò ní jẹ́ ti ayọ̀. Kọ́kọ́ pe ọ̀rọ̀ náà sókè bí wọ́n ṣe ń pè é ní Yàgbà, Ìjùmú tàbí Bùnú, nítorí kì í rí bákan náà, kí o tó mú ọrun tí a fi ń ta fáyólìn. Fáyólìn ní àǹfààní tí dùùrù kò ní: ìka lè yọ̀ lórí okùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, gẹ́gẹ́ bí ohùn wa ṣe ń yọ̀ nígbà tí àmì òkè bá tẹ̀lé àmì ìsàlẹ̀. Wá African Suite tí Fela Sowande, akọrin-sílẹ̀ ọmọ Nàìjíríà, kọ ní 1944 fún àwọn ohun èlò olókùn, kí o gbọ́ bí ó ṣe lo orin ilẹ̀ wa.

Nígbà ọyẹ́, igi fáyólìn a máa gbẹ, èèkàn tí a fi ń fa okùn rẹ̀ le a sì máa yọ̀. Fi aṣọ ọ̀rinrin díẹ̀ sínú ike oníhò nínú àpótí rẹ̀, kí o sì dẹ ọrun lẹ́yìn eré.

Ya owó orin kíkọ sọ́tọ̀ kúrò lára owó eré, kí ó sì wà nínú ìwé àdéhùn pé tìrẹ ni orin náà. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2022 lórí ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ iṣẹ́ (Copyright Act) dá ẹ̀tọ́ náà sí títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó kọ ọ́. Gba ohùn eré kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí òun ni ẹni tí ó fẹ́ pè ọ́ láti Lọ́kọ́ja tàbí Àbújá yóò kọ́kọ́ ní kí o fi ránṣẹ́.