Ẹran Ló Ń Wá, Kì í Ṣe Ìjà: Bí Mo Ṣe Ń Lo Kìnnìún, Ẹkùn àti Àmọ̀tẹ́kùn Nínú Eré Dáìsì

Ohun tó máa ń sú mi tí mo bá jókòó sídìí eré dáìsì ẹlòmíì, ìyẹn eré tí ẹnì kan ti ń sọ ìtàn, tí àwọn yòókù ń ṣe akọni inú rẹ̀, tí dáìsì sì ń pinnu ohun tó máa ṣẹlẹ̀, ni kìnnìún tó jáde nínú igbó, tó dúró gbagidi lójú kan, tí òun àti jagunjagun ẹlẹ́wù irin wá ń lu ara wọn títí ọ̀kan fi kú. Ẹranko wo ló ń jà báyẹn? Ebi ló ń pa á. Ẹran ló ń wá.

Ẹ wo ìwé òfin eré Dungeons & Dragons ti ọdún 2014. Ẹ̀mí kìnnìún (iye ìpalára tó lè gbà kó tó ṣubú) jẹ́ 26, ti ẹkùn (tiger) 37, ti àmọ̀tẹ́kùn (panther) 13 péré. Ẹ gbé wọn síwájú àwọn akọni tó ti dé ìpele kẹrin, kí ẹ tó ṣẹ́jú àwọn akọni yẹn ti pa wọ́n. Ibòmíì ni agbára wọn wà: +6 tí wọ́n ń fi kún dáìsì ìfarapamọ́, àti ìfò wọn. Tí ẹranko náà bá sáré tààrà fún ẹsẹ̀ bàtà 20 kó tó fi èékánná gbá èèyàn, ẹni yẹn lè ṣubú, tó bá sì ṣubú, ó tún máa gé e jẹ lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, kí n tó ya ohunkóhun sórí máàpù, koríko gíga àti àyè tó máa gbà sáré ni mo kọ́kọ́ ń yà. Yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́.

Ẹ jẹ́ kí àmì ṣáájú ẹranko. Èèpo igi tí èékánná ti ha, òórùn ìtọ̀ tó ń kanni nímú, òkú àgbọ̀nrín tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀ka igi lókè réré. Tí ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣeré bá mọ ipasẹ̀ ẹran, ẹ sọ fún un pé kò sí ojú èékánná nínú ẹrẹ̀. Ìkookò kì í pa èékánná mọ́, àwọn wọ̀nyí ń pa á mọ́. Ẹ máa wo bí gbogbo tábìlì ṣe máa dákẹ́.

Ìwà wọn ò rí bákan náà. Àwọn abo kìnnìún máa ń jọ ṣọdẹ, àwọn kan á lé ẹran, àwọn tó kù á lúgọ. Òfin eré náà bá èyí mu: tí ẹnìkejì kìnnìún bá wà nítòsí ẹni tó fẹ́ bù jẹ, dáìsì méjì ló máa jù, á sì mú èyí tó ga. Àmọ̀tẹ́kùn ń gun igi, orí igi sì ni ibi tí àwọn tó ń ṣeré kì í wò.

Ẹkùn ni mo fẹ́ràn jù. Ó máa ń dá rìn ni, ó mọ omi wẹ̀ dáadáa, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé odò á gba òun. Ẹ̀yìn ló sì ń gbà yọ síni. Ní Sundarbans ní India, láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú igbó máa ń dé ìbòjú tó ní ojú èèyàn sẹ́yìn orí kí ẹkùn lè rò pé wọ́n ń wo òun. Tí ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣeré bá dá irú ọgbọ́n yìí, mi ò ní bi í ní dáìsì rárá.

Lóru, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣọ́ àgọ́ rí ojú méjì tó ń tàn yòò níbi tí ìmọ́lẹ̀ iná parí sí. Ó pàjú dé. Lẹ́yìn náà, ojú yẹn tún yọ, lápá ibi tí wọ́n so kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà ló máa gbé, tàbí ẹni tó kẹ́yìn, tàbí ẹni tó ti fara pa. Tí ẹ̀mí ẹranko náà bá ti kù sí ìdajì, ó ti sá wọ koríko nìyẹn. Ṣé wọ́n máa lé e wọ inú òkùnkùn? Àwọn ló máa pinnu. Abo tó ní ọmọ nínú ihò nìkan ni mi ò kì í jẹ́ kó sá.

Ẹni tó ní ògèdè tó fi ń bá ẹranko sọ̀rọ̀ á fẹ́ bá a dúnàádúrà. Òye ẹranko náà nínú ìwé jẹ́ 3 péré, ẹ má jẹ́ kó sọ̀rọ̀ bí agbẹjọ́rò. “Ebi.” “Ibi mi nìyí.” Ó tó.

Máàkì ìrírí (XP) 200 tó wà fún ẹkùn kan, ẹ fún wọn yálà wọ́n pa á tàbí wọ́n kàn ju ẹran sílẹ̀ fún un, tí wọ́n sì bá tiwọn lọ.