Bí táyà kẹ̀kẹ́ méjì ṣe gba owó táyà mẹ́rin lọ́wọ́ mi

Owó táyà méjì ni mo mú jáde nílé, owó táyà mẹ́rin ni mo san nígbẹ̀yìn, àwọn méjì àkọ́kọ́ kò sì fẹsẹ̀ kan títì kí wọ́n tó di ẹrù tó ń gba àyè ní ṣọ́ọ̀bù mi. Inú ṣì ń bí mi, nítorí pé ẹni tó tà wọ́n fún mi ti pẹ́ nídìí òwò náà tó láti mọ̀ pé wọn kò lè bá kẹ̀kẹ́ mi mu.

Mountain bike tọ́kùnbọ̀ ni mò ń gùn, òun ni mo sì fi ń gbé ẹ̀dà àyẹ̀wò iṣẹ́ ìtẹ̀wé láti Ṣómólú lọ fún àwọn oníbàárà wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọ̀nà náà kì í ṣe oríṣi kan. Ọ̀dà ni láti Fádèyí títí dé Ìddó àti orí afárá Carter, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá gbé mi yà sí Ìlàjẹ ní Bàríga, yanrìn ni mo máa bá pàdé, bí òjò bá sì ti rọ̀, ẹrẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan ni. Táyà tó dán kò lè gba inú ẹrẹ̀ kọjá, èyí tí eyín rẹ̀ sì ga jù máa ń kùn lórí ọ̀dà, a sì máa dá ẹni lágara. Èyí tó wà láàárín méjèèjì ni mò ń wá.

Mo gbé táyà àtijọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Ìdúmọ̀tà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti bó débi pé 26, ìyẹn ìwọ̀n rẹ̀ ní íǹṣì, nìkan ni ojú ṣì lè rí níbẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó fìrí, ó sì fa méjì jáde tí wọ́n kọ 26 x 1 3/8 sí lára. Mo ní wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ó ní táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń la ẹrẹ̀ kọjá, ó tún fi kún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ń jẹ́."

Fọkanáísà àdúgbò wa kò tilẹ̀ mú irin tó fi ń ṣí táyà. Ọwọ́ lásán ló fi ti táyà náà wọ orí rímù, ìyẹn ló kọ́kọ́ mú mi fura, torí táyà tó bá bá rímù mu máa ń jà kó tó wọlé. Bó ṣe ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, mo rí túùbù tó yọ orí láàárín etí táyà àti rímù, tó ń wú bí àkàrà nínú epo gbígbóná, kí n sì tó pariwo pé kó pa ẹ̀rọ náà, ó ti bú gbàù. Mo padà sí Ìdúmọ̀tà. Ọ̀gbẹ́ni náà ní fọkanáísà mi ni kò mọ iṣẹ́, ó ní àwọn kì í gba ọjà tí àwọn bá ti tà padà, ó sì yíjú sí oníbàárà mìíràn nígbà tí mo ṣì ń sọ̀rọ̀.

Fọkanáísà tí ọlọ́jà náà bú yìí ló tú àṣírí. Ó bó rọ́bà tó bo orí àwọn sípóòkù nínú rímù, ó nù ún, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan." Nọ́ńbà 559 ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Ìyẹn ni ìwọ̀n ibi tí etí táyà ń jókòó sí lórí rímù, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ní mìlímítà, gẹ́gẹ́ bí ISO 5775, ìlànà àgbáyé fún ìwọ̀n táyà àti rímù kẹ̀kẹ́, ṣe là á sílẹ̀. Táyà mountain bike tí wọ́n fi póìǹtì kọ, bíi 26 x 2.10, 559 ni. 26 x 1 3/8 tí wọ́n tà fún mi, 590 ni. Mìlímítà 31 ló wà láàárín wọn, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́. Kódà 26 x 1.75 àti 26 x 1 3/4, tí tíṣà ìṣirò máa sọ pé ọgbọọgba ni wọ́n, 559 ni ti àkọ́kọ́, 571 ni ti èkejì. Bẹ́ẹ̀ sì ni 29 àti 700C tí orúkọ wọn jìnnà síra wọn, 622 ni àwọn méjèèjì! Nọ́ńbà oníwọ̀n mìlímítà yìí wà lára táyà pẹ̀lú, bíi 54-559 (54 ni ìbú táyà náà), lẹ́tà rẹ̀ kàn máa ń kéré ni.

Ní Yábà, kí n tó la ẹnu, ìyá tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ti bi mí pé, "Nọ́ńbà wo ló wà lára rímù yín?" Ìbéèrè yẹn nìkan tó fún mi láti tú àpò. 57-559 ni mo mú fún iwájú, eyín rẹ̀ jìnnà síra kí ẹrẹ̀ lè máa já bọ́, ti ẹ̀gbẹ́ sì ga kí ó lè di ilẹ̀ mú níbi tí mo bá ti ń yà. 54-559 ni mo fi sí ẹ̀yìn, eyín àárín rẹ̀ kúrú, wọ́n sì sún mọ́ra kí ó lè yára lórí ọ̀dà. N kò fi èyí tó gbòòrò sẹ́yìn, nítorí pé bí ẹrẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, yóò máa ha irin kẹ̀kẹ́. N kò ra irú èyí tó ṣeé ká, tí kò ní wáyà létí. Ó fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ẹrù sì ni mò ń gbé, n kì í sáré ìje.

Fífi wọ́n sórí rímù kò gba àlàyé, kí ẹ ṣáà wo àmì ọfà tó ń tọ́ka sí ibi tí táyà yóò máa yí sí. Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ bójú tó. Àwọn fọkanáísà fẹ́ràn kí táyà le gbagidi. 65 psi, ìyẹn ìwọ̀n bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe le tó, ni òpin tí wọ́n kọ sára tèmi, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó kọjá 45 lẹ́yìn àti 40 níwájú, mo sì máa ń dín in kù díẹ̀ bí mo bá ń lọ sínú yanrìn. Bí ó bá wá rọ̀ jù, ẹ̀bá kòtò yóò fún túùbù mọ́ rímù, ihò méjì tó dojú kọra ni ẹ máa bá lára rẹ̀.