Àṣìṣe tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe tí ẹ bá ń kọ ìtàn Alec Douglas-Home

Alec Douglas-Home ni Olóòtú ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti oṣù Kẹwàá ọdún 1963 sí oṣù Kẹwàá ọdún 1964. Ìtàn rẹ̀ máa ń lọ́jú mọ́ àwọn òǹkọ̀wé lọ́wọ́, ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà: orúkọ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi pe ọkùnrin yìí kó tó kú, oyè àti òfin ló sì ń pààrọ̀ wọn fún un. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wo ọdún tí ó ń jẹ́ orúkọ wo, àfàìmọ̀ kó má fi iṣẹ́ ẹlòmíì lé e lọ́wọ́.

Ẹ má ṣe pè é ní Earl, ìyẹn Earl of Home tí í ṣe oyè ìdílé wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 1903 ni wọ́n bí i ní Lọ́ńdọ̀nù, bàbá bàbá rẹ̀ ló sì wà lórí oyè nígbà náà. Nígbà tí bàbá àgbà yẹn kú lọ́dún 1918, bàbá Alec di Earl kẹtàlá, Alec tó jẹ́ àrẹ̀mọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ Lord Dunglass. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. “Lord” ìgbà yẹn kò ju orúkọ ọ̀wọ̀ tí wọ́n fi ń yẹ́ àrẹ̀mọ sí lọ. Kò fún un ní àga kankan nínú House of Lords, tí í ṣe ilé aṣòfin àwọn ọlọ́yè. Ìdí nìyí tó fi lè jáde du ipò bíi mẹ̀kúnnù. Ní Scotland, ó fìdí rẹmi ní Coatbridge lọ́dún 1929, ó wọlé ní Lanark lọ́dún 1931. Tí ẹ bá rí Lord Dunglass nínú àkọsílẹ̀ House of Commons, ilé aṣòfin àwọn tí ará ìlú dìbò yàn, ẹ má ṣe rò pé akọ̀wé ló ṣì í kọ.

Ẹ má sì kọ ọ́ pé ó ṣojú Lanark láìdáwọ́dúró títí di ọdún 1951. Ẹgbẹ́ òṣèlú Labour gba ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 1945, ó tó ọdún 1950 kó tó gbà á padà. Lọ́dún 1951 ni bàbá rẹ̀ kú. Wọn kò bi í léèrè bóyá ó fẹ́ oyè tàbí kò fẹ́. Ó di Earl kẹrìnlá lójú ẹsẹ̀, àga tí àwọn ará Lanark dìbò fún un sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. (Home tó wà nínú orúkọ yìí, “Hiúmù” ni wọ́n ń pè é. Ẹ rántí bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá ń ka ìtàn náà sórí rédíò.)

Ọ̀rọ̀ Munich, ìlú ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n ti gbà kí Hitler mú apá kan ilẹ̀ Czechoslovakia kí ogun má bàa ṣẹlẹ̀, náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Lóòótọ́ ló bá Neville Chamberlain, Olóòtú ìjọba ìgbà náà, lọ bá Hitler níbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1938. Àmọ́ kì í ṣe mínísítà. Olùrànlọ́wọ́ Chamberlain nínú ilé aṣòfin ni. Ẹni tó bá kọ ọ́ bíi pé òun ló gbé ìlànà náà kalẹ̀ ti ṣàbòsí. Èyí tí wọ́n sì máa ń gbàgbé ni pé lọ́dún 1940, ikọ́ ẹ̀gbẹ wọ inú eegun ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi pílásítà líle di ara rẹ̀, ó sì wà lórí ìdùbúlẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì. Ìwé ló ń kà, títí kan ti Karl Marx. Nígbà tó padà sílé aṣòfin, ó wà lára àwọn tó dìde lọ́dún 1945 láti bu ẹnu àtẹ́ lu bí wọ́n ṣe fi Poland sílẹ̀ fún Stalin, olórí Soviet, ní ìpàdé Yalta.

Àṣìṣe kan wà tó kan àwa ọmọ Nàìjíríà gan-an. Nítorí pé Home ni mínísítà fọ́rọ̀ Commonwealth láti ọdún 1955 sí 1960, ó rọrùn láti rò pé òun ló bójú tó òmìnira wa. Rárá o. Ọ́fíìsì mìíràn ló ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ tí kò tíì gba òmìnira: Alan Lennox-Boyd ló wà níbẹ̀ títí di ọdún 1959, Iain Macleod ló tẹ̀ lé e. Nígbà tí Nàìjíríà sì fi máa wọ Commonwealth ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1960, Home ti kúrò níbẹ̀ láti oṣù Keje, ó ti di mínísítà fọ́rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè.

Ọdún 1963 ló le jù, ẹ jẹ́ ká rọra tò ó. Má ṣe kọ ọ́ pé ó kọ oyè sílẹ̀ kó tó di Olóòtú ìjọba. Kó tó di ọdún yẹn, kò sí bí èèyàn ṣe lè kọ irú oyè ìdílé bẹ́ẹ̀. Tony Benn ti ẹgbẹ́ Labour ló ja ìjà náà: nígbà tí bàbá rẹ̀ kú lọ́dún 1960 tí oyè já lé e lórí, wọ́n lé e kúrò ní Commons, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Bristol tún dìbò yàn án. Ìjà rẹ̀ ló bí òfin tó fàyè gba kíkọ oyè sílẹ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Keje ọdún 1963. Òṣèlú Labour ló ṣí ilẹ̀kùn, Earl kan nínú ẹgbẹ́ Conservative ló gba ibẹ̀ wọlé. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ìtàn Home láìdárúkọ Benn.

Ní oṣù Kẹwàá, àìsàn gbé Harold Macmillan, Olóòtú ìjọba ìgbà náà, dè sí ọsibítù, ó sì kéde pé òun ń lọ nígbà tí ẹgbẹ́ ń ṣe àpérò ní Blackpool. Wọn kò dìbò. Wọ́n kàn wádìí lọ́wọ́ àwọn mínísítà àtàwọn aṣòfin, Macmillan sì gba Ọbabìnrin nímọ̀ràn láti orí bẹ́ẹ̀dì. Bí wọ́n ṣe fo R. A. Butler, igbákejì Macmillan, dá nìyẹn. Macleod àti Enoch Powell, mínísítà méjì, ní àwọn kò ní bá Home ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún ó di Olóòtú ìjọba, Earl ló ṣì jẹ́. Ọjọ́ kẹtàlélógún ló tó kọ oyè sílẹ̀, kí ó lè jókòó ní Commons. Láti ọjọ́ náà títí tó fi wọlé ìbò ní Kinross and Western Perthshire ní ọjọ́ keje oṣù Kọkànlá, Olóòtú ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sí nínú ilé aṣòfin kankan. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ṣẹlẹ̀. “Sir” tó ń jẹ́ nígbà náà kò sì ti ara oyè ìdílé wá. Thistle, àmì ẹ̀yẹ ilẹ̀ Scotland tó gbà lọ́dún 1962, ló fún un.

Ó dùn mí bí àwọn èèyàn ṣe ń kà á sí òmùgọ̀ nítorí ó sọ pé òun máa ń fi igi ìṣáná ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ajé fún ara òun. Harold Wilson, olórí ẹgbẹ́ Labour, náà pẹ̀gàn rẹ̀ pé Earl kẹrìnlá ni, Home sì dá a lóhùn pé tí èèyàn bá rò ó dáadáa, Wilson kẹrìnlá ni Ọ̀gbẹ́ni Wilson náà. Ẹ má sì kọ ọ́ pé wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ gbàgà lọ́dún 1964: Labour ní àga 317, Conservative ní 304. Ìjọba Wilson fi àga mẹ́rin péré borí gbogbo yòókù.

Ìjákulẹ̀ yẹn kọ́ ni òpin rẹ̀. Ó jẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe ìlànà tí àwọn aṣòfin wọn yóò fi máa dìbò yan olórí, ó fipò sílẹ̀ lọ́dún 1965, Edward Heath sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ìbò gbé wọlé. Lábẹ́ Heath yìí kan náà ni Home ti padà di mínísítà fọ́rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè láti ọdún 1970 sí 1974. Òun ló wà níbẹ̀ lọ́dún 1971 tí wọ́n ti ilẹ̀kùn Gẹ̀ẹ́sì mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Soviet 105 lórí ẹ̀sùn amí.

Lórí oyè tó jẹ lọ́dún 1974, Lord Home of the Hirsel, ẹ má ṣe sọ pé ó gba oyè bàbá rẹ̀ padà. Oyè tuntun ni, tí kò ju ẹ̀mí ẹni tó jẹ ẹ́ lọ. Oyè ìdílé tó kọ̀ lọ́dún 1963 kò parun, kò sì bọ́ sọ́wọ́ ọmọ lọ́jọ́ tí bàbá kọ̀ ọ́. Ìgbà tí Home kú ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá ọdún 1995 ni ọmọ rẹ̀, David, tó di Earl kẹẹ̀ẹ́dógún.