Bí mo ṣe ń dán ìpolówó wò kí n tó náwó lé e lórí

Nínú gbogbo fọ́tò báàgì tí mo ti yà, ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn jù. Báàgì awọ dúdú kan ni, mo gbé e sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, oòrùn àárọ̀ ń tàn sí i lára. Ìparí oṣù ni mo fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà mi, báàgì sì tà bí ẹni pé mò ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní fọ́tò ló tà á. Ni mo bá sanwó fún ayàwòrán, ó ya gbogbo ọjà mi lẹ́bàá fèrèsé yẹn, mo sì fi wọ́n ránṣẹ́ ní àárín oṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹni mélòó ló dáhùn? Ẹ má bi mí. Owó oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló ra báàgì nígbà àkọ́kọ́, kì í ṣe fọ́tò mi.

Láti ìgbà náà, n kì í fi ọ̀sẹ̀ tó kọjá wé ọ̀sẹ̀ yìí mọ́. Tí mo bá fẹ́ mọ èyí tó dáa nínú ìpolówó méjì, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ kan náà, ní wákàtí kan náà, sọ́dọ̀ ọ̀wọ́ èèyàn méjì tí kò yàtọ̀ síra. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó kù ni bí a kò ṣe ní í tan ara wa jẹ.

Ibi pínpín ni mo ti kọ́kọ́ tan ara mi jẹ. Nọ́ńbà bí ẹgbẹ̀ta (600) ló wà nínú fóònù mi. Mo kó àwọn tó mọ̀ mí dáadáa sí apá kan, mo kó àwọn àjèjì sí apá kejì. Àwọn tó mọ̀ mí rà, wọ́n ìbá rà náà ká ní òfìfo ìwé ni mo fi ránṣẹ́. Nísinsìnyí, nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà fóònù ni mo fi ń pín wọn: 1, 3, 5, 7, 9 sí apá kan, 0, 2, 4, 6, 8 sí apá kejì. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn kò mọ ẹni tó lówó, kò mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Tó bá jẹ́ ìwé ìpolówó lẹ ń pín lọ́wọ́, ẹ to oríṣi méjèèjì ní ọ̀kan-ọ̀kan léra kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín, kí ẹ sì fi àmì kékeré sí igun ìkan nínú wọn. Kí ẹni tó bá fẹ́ rà mú ìwé náà dání. Ẹ má gbé oríṣi kan lọ sí òpópónà kan, kí ẹ gbé ìkejì lọ sí òmíràn, torí àwọn ará òpópónà méjì kì í rí bákan náà.

Ẹ̀yìn náà, ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ yí padà. Tẹ́ ẹ bá yí fọ́tò padà, tẹ́ ẹ tún yí ọ̀rọ̀ padà, tí ọjà wá tà, ta lẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó dùn mí jù, nítorí ọmọ iṣẹ́ mi ló borí. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kúkú kọ iye tí báàgì jẹ́ síbẹ̀." Mo ní rárá, tí wọ́n bá rí iye owó wọn á sá, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá béèrè, kí n fi ẹnu dídùn fà wọ́n mọ́ra. Ariyànjiyàn náà ìbá gba ọ̀sẹ̀ kan. A mú ìwé. Kí a tó fi ohunkóhun ránṣẹ́, a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlà iye owó nìkan la máa yí padà, pé ẹni tó bá sanwó láàárín ọjọ́ mẹ́ta nìkan la máa kà, àti pé ẹ̀ẹ̀mẹta la máa ṣe é. Ẹ kọ tiyín sílẹ̀ ṣáájú, torí tí èsì bá dé tán, ẹnu èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Èsì ìgbà àkọ́kọ́ rèé. Apá tí kò rí iye owó: èèyàn 41 béèrè, 11 sanwó. Apá tó rí i: èèyàn 22 béèrè, 19 sanwó. Ẹ ò rí i báyìí? Tó bá jẹ́ ìbéèrè là ń kà, èmi ni mo borí. Ariwo "eélòó ni?" dùn létí, àmọ́ kì í san owó awọ. Àwọn tó ń tẹ àmì ìfẹ́ sábẹ́ fọ́tò náà ńkọ́? Mi ò kà wọ́n rárá.

Ọmọ iṣẹ́ mi ti fẹ́ máa jó. Mo ní kó dúró ná. Ìdí ni pé nígbà kan rí, mo ti fi ọ̀rọ̀ kan náà gan-an, láìyí àmì kankan padà, ránṣẹ́ sí apá méjèèjì. Èèyàn 4 rà ní apá kan, èèyàn 9 rà ní ìkejì! Ọ̀rọ̀ kan náà o. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe irú èyí lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní tètè máa pariwo mọ́.

Ìṣirò kan ni mo fi ń dá ara mi lẹ́kun. Ẹ yọ èyí tó kéré kúrò nínú èyí tó pọ̀, kí ẹ sọ ohun tó ṣẹ́kù di ìlọ́po ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Tí ti àkọ́kọ́ bá ju ti ìkejì lọ, ó ṣeé ṣe dáadáa pé ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti oríire lásán. Apá méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba, àwọn tó rà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ díẹ̀ nínú àwọn tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí. Ẹ jẹ́ ká wò ó: 19 yọ 11 ku 8, 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 30, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 120. Kò tíì tó.

Ìgbà kejì, 8 àti 15. Ìgbà kẹta, 9 àti 18. Gbogbo rẹ̀ wá di 28 àti 52. Ìyàtọ̀ jẹ́ 24, ìlọ́po ara rẹ̀ jẹ́ 576; 80 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 320. Ó tán. Láti ọjọ́ náà, iye owó kì í ṣàìsí lórí ìpolówó mi, ọmọ iṣẹ́ mi kì í sì jẹ́ kí n gbàgbé.

Àwọn ńlá náà ń ṣìṣe bí mo ṣe ṣe. Nígbà tí Barack Obama ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dán ojú ìwé tí èèyàn ti ń forúkọ sílẹ̀ wò: bọ́tìnì mẹ́rin, fọ́tò mẹ́ta, fídíò mẹ́ta. Fídíò kan ni wọ́n fọkàn tán. Gbogbo fídíò ló já sẹ́yìn gbogbo fọ́tò. Fọ́tò òun àti ìdílé rẹ̀ ló gbégbá orókè. Àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ kúrò ní 8.26 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 11.6.

Ṣùgbọ́n èèyàn tó lé ní 300,000 ló wo ojú ìwé tiwọn. Ìwọ àti èmi kò nírú ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí àwọ̀ lẹ́tà tàbí bóyá kẹ́ ẹ kọ "ẹ káàárọ̀" tàbí "ẹ ǹlẹ́ o". Ìyàtọ̀ kékeré, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ló ń fi í hàn. Ohun tó wúwo ni kẹ́ ẹ dán wò: iye owó, kíkó ọjà lọ bá oníbàárà nílé, ìlérí pé ẹ máa tún un rán lọ́fẹ̀ẹ́ tó bá já.

Ẹ̀dínwó náà wà lára ohun tó wúwo, èyí tí mo dán wò gbẹ̀yìn sì nìyẹn. Mo yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá fún apá kan. Wọ́n ra 31, àwọn tí mi ò yọ nǹkan fún ra 26. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Èrè mi lórí báàgì kan jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá owó rẹ̀. Tí mo bá yọ ìdá kan, méjì ló kù. Tí 26 bá fún mi ní ìdá 78, àfi kí n ta 39 kí n tó rí iye yẹn pẹ̀lú ẹ̀dínwó. Mo rán báàgì márùn-ún lé, èrè mi sì dín sí ìdá 62. Mo kọ ọ́ sínú ìwé wa, mo fa ìlà pupa sí i nídìí.