Ọ̀kadà Honda CG125 àtijọ́ tó ń kú lójú ọ̀nà: ìdérí táńkì ni

Tó bá tutù, ìtapá kan ló ń jí i. Ṣùgbọ́n láti Ìlọrin sí Ọ̀fà, ó lè kú lẹ́ẹ̀mẹta. Tó bá sinmi díẹ̀, á tún jí. Mo pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, mo fọ kabúrétọ̀: pàbó.

Nígbà tó tún kú, mo ṣí ìdérí táńkì. Atẹ́gùn dún fìì wọlé, ó sì jí! Eruku ọyẹ́ àti ìpẹtà ló dí ihò mímí ìdérí náà. Bí atẹ́gùn ò bá wọlé, epo ò ní ṣàn.

Mo rẹ ìdérí sínú epo òyìnbó mọ́jú, mo fi fọ́nrán wáyà kan tú ihò náà. Ẹ má fi ìṣó lù ú o, epo á máa ta sí yín nítan. Bí ti yín ò bá jí báyìí, tó sì jẹ́ oní-pọ́íǹtì (irin kékeré tó ń ṣí tó ń pa dé kí plọ́ọ̀gì lè ta iná), ẹ yẹ kọ̀ǹdẹ́ńsà wò, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń bá pọ́íǹtì náà ṣiṣẹ́.